Bíbélì àti Ìwé Gbèsè Nínú Àpótí Kan Náà

Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ti jẹun? Mo mọ̀ pé o ò tíì jẹun. Wá nǹkan fi sẹ́nu kí o tó padà wá jókòó, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìdúró. Má sọ fún mi pé o máa pè mí padà. Dátà mi pọ̀ lónìí.

Mo ti wo fídíò tí o fi ránṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wò ó. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ jókòó yí ọ ká nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ní Maryland níbẹ̀, wọ́n ranjú mọ́ ọ, ìwọ ọmọ àbúrò mi, ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n, o ń fi Yorùbá tó já gaara sọ ìtàn ilẹ̀ tí wọ́n bí wọn sí fún wọn. Omi bọ́ lójú mi. Mo ké sí ìyá tó ń gbé ilé kejì pé kó wá wo ohun tí ọmọ wa ń ṣe lókè òkun. Olúwa yóò bá mi bù kún ọ.

Àmọ́ o dé ibì kan, inú mi bà jẹ́. O ní àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó tẹ Virginia dó, torí owó ni wọ́n ṣe wá; àwọn tó tẹ Massachusetts dó, torí Ọlọ́run ni wọ́n ṣe wá. O ní ìdí nìyẹn tí ìhà gúúsù fi di ilẹ̀ ẹrú, tí ìhà àríwá sì di ilẹ̀ òmìnira. Mo gbé atẹ ẹ̀wà tí mo ń ṣà sílẹ̀. Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Èmi tí mo fi ọdún 31 kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìtàn, ṣé ọmọ tèmi ló yẹ kó dúró níwájú àwọn ọmọdé kó máa fún wọn ní ìtàn tí wọ́n ti gé lápá gé lẹ́sẹ̀? Má bínú sí mi o. Bí n kò bá fẹ́ràn rẹ, n kò ní sọ ọ́.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú Virginia tí o sọ pé owó nìkan ni wọ́n mọ̀. Ní 1607, àwọn ọkùnrin àti ọmọdékùnrin bí 104 gúnlẹ̀ sí Jamestown. Kọ́ńpìnnì kan ní London ló rán wọn níṣẹ́, òótọ́ ni, àwọn tó dáwó jọ sì ń retí wúrà. Ṣùgbọ́n àlùfáà bá wọn wá, Robert Hunt lorúkọ rẹ̀. Kí wọ́n tó kọ́ ilé kankan tó dúró, ògbólógbòó aṣọ ìgbòkun ni wọ́n ta mọ́ igi, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń gbàdúrà. Nígbà tó fi máa di 1611, òfin ti dé: ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n ń lu agogo àdúrà. Ẹni tí kò bá wá, oúnjẹ ọjọ́ yẹn ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bó bá tún ṣe é, ẹgba. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, oṣù mẹ́fà ni yóò fi máa wa àjẹ̀ bí ẹlẹ́wọ̀n. Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn Áńgílíkà tí àwọn ará ilé bàbá rẹ ń lọ títí dòní, òun ni ìjọ ìjọba níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ àti ẹni tí kò fẹ́, gbogbo wọn ló ń sanwó rẹ̀.

Ǹjẹ́ o mọ ohun tí wọ́n fi ń san owó oṣù àlùfáà? Tábà ni. Òfin 1696 fi í sí ìwọ̀n pọ́n-ùn tábà 16,000 lọ́dún fún àlùfáà kọ̀ọ̀kan. Irú tábà méjì ló wà lọ́jà, èyí tó ní òórùn dídùn ló ń pawó jù. Nítorí náà, ìjọ tí ilẹ̀ rẹ̀ bá ń mú tábà olóòórùn dídùn jáde, kíá ni wọ́n ń rí àlùfáà; ìjọ tí tábà rẹ̀ bá le, wọ́n lè pẹ́ kí wọ́n tó rí ẹni tó máa wàásù fún wọn. Àwọn wọ̀nyí ni o ní wọn ò mọ Ọlọ́run? Wọ́n mọ̀ ọ́n, orí ewé tábà ni wọ́n tẹ́ pẹpẹ rẹ̀ sí.

Ìwọ náà ò mọ iṣẹ́ tábà, ìdí nìyẹn tí ẹnu rẹ fi yá tó bẹ́ẹ̀. Èmi mọ̀ ọ́n. Mo ń lọ bí ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí wọ́n mú mi lọ lo ọlidé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá wa ní Òkè-Ògùn, oko tábà ló ń dá. Irúgbìn rẹ̀ kéré bí eruku. Ibì kan lọ́tọ̀ ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ tọ́ ọ, kí wọ́n tó máa ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan lọ sórí ebè. Bó bá ga dé orókún, ẹ óò máa yẹ abẹ́ ewé kọ̀ọ̀kan wò láràárọ̀ fún kòkòrò, ẹ óò fi ọwọ́ mú un, ẹ óò tẹ̀ ẹ́ pa. Bó bá fẹ́ yọ òdòdó, ẹ óò ṣẹ́ orí rẹ̀. Bó bá wá ń yọ ẹ̀ka lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ óò máa já a. Oje rẹ̀ a lẹ̀ mọ́ ìka, a di dúdú, ọṣẹ kì í fọ̀ ọ́ kúrò. Bí mo bá fi ọwọ́ yẹn jẹun lálẹ́, kíkorò ni òkèlè ń korò lẹ́nu mi. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni wọ́n á tó so ó rọ̀ sínú abà kó gbẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo lò níbẹ̀, ẹkún ni mo sun wálé. Àwọn tó ń ṣe é ní Virginia, ó di ikú wọn kí wọ́n tó bọ́ nínú rẹ̀. Bí o bá fẹ́ dárúkọ òwò fún ọmọdé, kọ́kọ́ fi ọwọ́ tó ń ṣe é hàn án.

Ọdún 1612 ni John Rolfe bẹ̀rẹ̀ sí í dán irúgbìn tábà láti erékùṣù Karibíà wò níbẹ̀. Kó tó dìgbà náà, ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìletò yẹn rẹ́. Ní ìgbà òtútù 1609 wọ 1610, bí 60 ènìyàn ló ṣẹ́ kù láàyè. Nígbà tí tábà wá rọ́jà ní London, kò sí ohun tó tún jọ wọ́n lójú mọ́. Ẹni tó dé Jamestown ní 1617 bá a ní ojú pópó àti láàrin ọjà, wọ́n ti gbin tábà síbẹ̀.

Tábà ń jẹ ilẹ̀, ó sì ń jẹ ènìyàn. Ẹni tó bá san owó ọkọ̀ ẹnì kan wá láti Gẹ̀ẹ́sì, éékà ilẹ̀ 50 ni wọ́n ń fún un lórí ẹni náà. Àwọn tálákà tí wọ́n báyìí san owó ọkọ̀ fún, ìwọ̀fà ni wọ́n dà. Ọdún mẹ́rin sí méje ni wọ́n fi ń sìn. Ìwọ̀fà tiwa, ẹni tó yáni lówó ò lẹ́tọ̀ọ́ láti tà á; tiwọn, ọ̀gá lè ta ìyókù ọdún rẹ̀ fún ẹlòmíràn bí ẹni ta ewúrẹ́. Ibà pa púpọ̀ nínú wọn kí ọdún wọn tó pé.

Ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 1619 ni àwọn aṣojú Virginia kọ́kọ́ jókòó láti ṣòfin. Níbo ni wọ́n jókòó sí? Inú ṣọ́ọ̀ṣì Jamestown. Oṣù tó tẹ̀ lé e ò tíì parí tí ọkọ̀ White Lion fi gúnlẹ̀ sí Point Comfort pẹ̀lú àwọn ọmọ Áfíríkà tó lé ní ogún, tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Àǹgólà. Oúnjẹ ni wọ́n fi gbà wọ́n lọ́wọ́ atukọ̀. Jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn wà níbẹ̀ ná, n óò padà sí i.

Ó yá, bọ́ sí òkè lọ́dọ̀ àwọn tí o ní torí Ọlọ́run nìkan ni wọ́n ṣe wá.

Àwọn tó wọ ọkọ̀ Mayflower lọ síbẹ̀ ní 1620, 102 ni wọ́n. Àwọn kan nínú wọn ti sá kúrò ní Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Leiden ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì torí kí wọ́n lè sin Ọlọ́run bó ṣe tọ́ lójú wọn. Mi ò jiyàn ìyẹn, ìgbàgbọ́ wọn wú mi lórí. Ṣùgbọ́n ta ló sanwó ọkọ̀? Àwọn oníṣòwò London. Bí àwọn èèyàn wọ̀nyí ṣe ń sin òkú ara wọn, torí bí ìdajì wọn ló kú nígbà òtútù àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni gbèsè ń dúró dè wọ́n. Awọ ẹranko beaver tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ ni wọ́n fi ń san án díẹ̀díẹ̀, ó sì ju ogún ọdún lọ kí wọ́n tó bọ́. Ẹni tó fi ogún ọdún ru gbèsè, tí kò sì jẹ́ kí ọjọ́ kan lọ láìgbàdúrà, báwo lo ṣe fẹ́ là á sí méjì, kí o ní apá yìí ti Ọlọ́run ni, apá yìí ti owó ni? Bíbélì àti ìwé gbèsè, inú àpótí kan náà ni wọ́n kó wọn sí wọ inú ọkọ̀.

Massachusetts Bay tó wá gba gbogbo ibẹ̀ kan lẹ́yìn náà, kọ́ńpìnnì ni òun náà, bíi ti Virginia. Ọgbọ́n tí John Winthrop àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn Púrítánì tó fẹ́ fọ Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì mọ́, ta ni pé nígbà tí wọ́n ń bọ̀ ní 1630, wọ́n gbé ìwé àṣẹ ọba dání. Wọn ò fi í sílẹ̀ ní London kí ẹnikẹ́ni máa fi darí wọn. Ìpàdé àwọn onípìn-ín wá di ìjọba ìlú, wọ́n sì ṣòfin ní ọdún kejì pé ẹni tí kò bá jẹ́ ọmọ ìjọ kò gbọ́dọ̀ dìbò.

Hẹ̀n? O ní ìyàtọ̀ wà náà? Ìyàtọ̀ wà! Èmi ò sọ pé kò sí. Ibi tí o fi í sí ni mo ń bá ọ jà lé lórí. Wo irú ẹni tí wọ́n kó wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò láya ni Virginia ń kó. Massachusetts kó baálé, ìyàwó, ọmọ, nígbà mìíràn àti ìyá àgbà. Láàrin ọdún mẹ́wàá, bí 20,000 wọn ti wọlé. Wo ilẹ̀ náà. Òkúta ló kún inú oko wọn, ìgbà ooru wọn kúrú, kò sí ohun ọ̀gbìn kankan níbẹ̀ tí London ń du rà. Ṣùgbọ́n òtútù tí kò jẹ́ kí tábà gbèrú, òun náà ni kò jẹ́ kí ibà ráyè. Àwọn èèyàn ibẹ̀ ń dàgbà, wọ́n ń gbé ọmọ ọmọ pọ̀n.

Kí ni wọ́n wá ń jẹ? Ní ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́, owó tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń ná ni: wọ́n á ta màlúù fún wọn, wọ́n á ta àgbàdo fún wọn. Nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin ọba Gẹ̀ẹ́sì àti ilé aṣòfin lẹ́yìn 1640, èrò ò wá mọ́, iye màlúù sì já lulẹ̀. Òun ni wọ́n fi kọjú sí òkun. Ẹja kọ́ọ̀dù pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, mọ̀lẹ́bí pańla ni, wọ́n á fi iyọ̀ sí i, wọ́n á sá a gbẹ. Èyí tó dára jù nínú rẹ̀ ń lọ sí Spéìnì àti ilẹ̀ Potogí, fún àwọn Àgùdà tí kì í jẹran lọ́jọ́ Ẹtì àti nígbà Lẹ́ńtì. Àwọn Púrítánì tó ṣòfin ní 1647 pé àlùfáà Àgùdà tó jẹ́ Jésùùtì kankan ò gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wọn, ààwẹ̀ àwọn Àgùdà ló ń tà wọ́n lọ́jà. Èyí tó bàjẹ́ jù nínú ẹja náà, tó ti ń rún, Barbados ló ń lọ. Ìrèké ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ ń gbìn láti bí 1640 lọ, wọn ò fẹ́ fi éékà kan ṣòfò sórí oúnjẹ. Ẹja tó rún yẹn ni wọ́n fi ń bọ́ àwọn ẹrú. Igi tí wọ́n fi ń kan àgbá ṣúgà, ẹṣin tó ń yí ọlọ ìrèké, àríwá ló ti ń lọ. Títí dòní, ẹja kọ́ọ̀dù kan tí wọ́n fi igi gbẹ́ ń fì lókè nínú ilé aṣòfin Massachusetts ní Boston. Nígbà tí o bá rí àwòrán rẹ̀, rántí ẹni tó jẹ èyí tó rún.

Ní báyìí, fetí sí èyí dáadáa, torí òun gan-an ló mú mi pè ọ́. Erékùṣù kan wà lórí òkun ní iwájú Nicaragua, Providence lorúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún un. Ti Kòlóńbíà ni lónìí. Ní 1630, ọdún kan náà tí Winthrop wọkọ̀, àwọn Púrítánì ọlọ́lá ní London, Earl of Warwick wà nínú wọn, John Pym ni akápò wọn, dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀ láti tẹ ibẹ̀ dó. Ẹ̀sìn kan náà pẹ̀lú ti Boston. Ìwàásù kan náà. Ìlú àwọn ẹni mímọ́ ni wọ́n fẹ́ kó jẹ́. Àmọ́ ilẹ̀ ooru ni, tábà àti òwú ń ṣe dáadáa níbẹ̀, àwọn tó dáwó sì ń béèrè èrè. Kò pẹ́ kò jìnnà, wọ́n ti ń ra ọmọ Áfíríkà.

Ọkùnrin kan dìde láàrin wọn, Samuel Rishworth. Ó ní kò tọ́ kí Kristẹni mú ènìyàn bíi tirẹ̀ lẹ́rú, kò sì fi mọ lẹ́nu, ó ń ṣí ojú àwọn ẹrú sí òmìnira. Kọ́ńpìnnì bá a wí láti London. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní gbòǹgbò, pé ẹni tí kò bá tíì di Kristẹni, Kristẹni lè mú un sìn. Àwọn olùfọkànsìn ló kọ lẹ́tà yẹn o. Ní 1638, àwọn ẹrú náà dìtẹ̀. Òun ni ọ̀tẹ̀ ẹrú àkọ́kọ́ tí a mọ̀ ní ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ dó. Nígbà tí àwọn Spéìnì wá gba erékùṣù yẹn ní 1641, àwọn ọmọ Áfíríkà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀.

Ṣé o rí i báyìí? Púrítánì Boston kò fi ìwà mímọ́ ju Púrítánì Providence lọ. Òkúta inú oko wọn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Kó o má sì rò pé Boston mọ́wọ́ kúrò. Ọkọ̀ kan tí wọ́n kàn ní Massachusetts, Desire lorúkọ rẹ̀, òun ló kó àwọn onílẹ̀ Pequot tí wọ́n mú lẹ́rú nínú ogun 1637 lọ tà ní erékùṣù yìí kan náà. Nígbà tó ń padà bọ̀ ní 1638, òwú, tábà àti àwọn ọmọ Áfíríkà ló kó dé. Lọ́dún 1641, ìwé òfin Massachusetts ti fi ẹsẹ̀ ẹrú níní múlẹ̀, bí ogún ọdún ṣáájú Virginia. Ìyẹn ni àríwá tí o pè ní ilẹ̀ òmìnira níwájú àwọn ọmọ.

Má dákẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣé o ṣì wà níbẹ̀? Ó dáa.

N kò fẹ́ kó o lọ sí ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà kó o wá ní ẹ̀sìn ò já mọ́ nǹkan kan. Ó já mọ́ nǹkan gan-an, pàápàá fún olùkọ́ bíi tèmi. Nítorí pé àwọn Púrítánì gbà pé olúkúlùkù ló gbọ́dọ̀ fi ojú ara rẹ̀ ka Bíbélì, wọ́n dá Harvard sílẹ̀ ní 1636, wọ́n sì ṣòfin ní 1647 pé ìlú tó bá ti ní ìdílé 50 gbọ́dọ̀ gba olùkọ́ tó máa kọ́ ọmọdé ní kíkà àti kíkọ. Ní Virginia, gómìnà wọn, William Berkeley, dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní 1671 pé kò sí ilé ìwé ọ̀fẹ́ lọ́dọ̀ àwọn, kò sì sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Àwọn méjèèjì ń pe Ọlọ́run kan náà. Oko Virginia tóbi, ilé jìnnà síra, ọlọ́rọ̀ ń gba olùkọ́ sílé fún ọmọ tirẹ̀. Ní Massachusetts, ilé sún mọ́ra yí ṣọ́ọ̀ṣì ká, ọmọ lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé ìwé. Ibi tí ìgbàgbọ́ ti rí ilẹ̀ tó gbà á, ó so èso. Èmi a máa wárí fún wọn lórí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n òmìnira ẹ̀sìn? Òmìnira tiwọn ni wọ́n wá, kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Ní 1660, wọ́n so Mary Dyer kọ́ ní Boston torí pé ó jẹ́ ọmọ ìjọ Kúékà, tí wọ́n lé e, tó sì padà wá. Kí wọ́n tó ṣe ìyẹn ni wọ́n ti lé Roger Williams, tó ní ìjọba kò lẹ́tọ̀ọ́ lórí ọkàn ẹnikẹ́ni, tó sì ní ilẹ̀ tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ń pín kì í ṣe tirẹ̀, ti àwọn onílẹ̀ ni. Inú òjò dídì ni ó sá gbà ní oṣù Kìíní 1636. Àwọn onílẹ̀ Narragansett ló fún un níbi tó fi orí pamọ́ sí, òun ló di Providence ní Rhode Island. Ibẹ̀ ló ti dá ìjọ Onítẹ̀bọmi àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà sílẹ̀ ní 1638. Onítẹ̀bọmi ni èmi, o mọ̀, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni wọ́n ti rì mí bọmi. Nígbàkigbà tí mo bá kà nípa ọkùnrin yẹn, bí ẹni ń ka ìtàn bàbá mi ló ń rí.

Síbẹ̀, òótọ́ ni n óò sọ fún ọ, bó tiẹ̀ dùn mí. Ní 1652, àwọn ará Rhode Island ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sìn ju ọdún mẹ́wàá lọ. Òfin náà kàn wà nínú ìwé ni. Nígbà tó fi máa di ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e, ọtí rọ́ọ̀mù Newport ló ń wọ ọkọ̀ lọ sí etíkun Áfíríkà láti fi ra ènìyàn; nínú gbogbo ọkọ̀ ẹrú tó ṣí láti orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gẹ̀ẹ́sì, ti Rhode Island ju ìdajì lọ. Ìjọ Onítẹ̀bọmi fúnra rẹ̀ pín sí méjì ní Augusta, Georgia, ní 1845, lórí ọ̀rọ̀ ẹrú. Apá ti gúúsù ló rán ọmọ Georgia nì, Thomas Bowen, sí wa, tó fi dé Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ní 1855. Mo ń kọrin nínú ilé ìjọsìn tí wọ́n fi lélẹ̀, mo sì mọ ibi tí owó wọn ti wá. Mo gbé méjèèjì dání pọ̀. Àwọn ọmọ tó jókòó níwájú rẹ yẹn lè gbé e, má rò pé wọ́n kéré.

Pennsylvania ń kọ́? Ọba jẹ bàbá William Penn ní 16,000 pọ́n-ùn, ilẹ̀ ló fi san gbèsè náà fún ọmọ rẹ̀ ní 1681. O tún rí gbèsè níbẹ̀. Penn, tó jẹ́ Kúékà, gba gbogbo ẹlẹ́sìn láyè, ilẹ̀ rẹ̀ dára fún àlìkámà tí ìdílé kan lè fi ọwọ́ ara wọn ṣe, ìyẹn sì mú nǹkan rọrùn fún ẹ̀rí-ọkàn. Ibẹ̀ ni àwọn mẹ́rin ní Germantown ti kọ̀wé ní 1688 pé ẹrú níní lòdì sí òfin pé kí á ṣe sí ẹlòmíràn bí a ṣe fẹ́ kí wọ́n ṣe sí wa. Àmọ́ Penn alára ní ẹrú, ó sì di 1776 kí àwọn Kúékà Philadelphia tó fòfin de ẹrú níní láàrin ara wọn.

Maryland tí ìwọ ń gbé gan-an ni mo fẹ́ kó o fi ṣe àpẹẹrẹ fún wọn, torí ẹsẹ̀ wọn wà lórí rẹ̀. Cecil Calvert, ọmọ Ìjọ Àgùdà, ló gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1632, kí àwọn Àgùdà lè ní ibi forí lé. Ọkọ̀ Ark àti Dove dé ní 1634. Ní 1649, wọ́n ṣòfin pé ẹnikẹ́ni tó bá gba Jésù gbọ́, kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹni tó bá sì sẹ́ Mẹ́talọ́kan, ikú. Odò Potomac ló la Maryland àti Virginia láàrin. Àgùdà wà ní òdì kan, Áńgílíkà wà ní òdì kejì, tábà kan náà ni wọ́n gbìn, ìwọ̀fà kan náà ni wọ́n kó, ẹrú kan náà ni wọ́n rà. Àwọn àlùfáà Jésùùtì pàápàá ní oko tábà tiwọn, wọ́n ní ẹrú níbẹ̀. Ní 1838 wọ́n ta 272 ènìyàn lọ sí Louisiana, wọ́n fi nínú owó rẹ̀ gba ilé ìwé gíga Georgetown lọ́wọ́ gbèsè. Kó àwọn ọmọ yẹn lọ sí St. Mary's City lọ́jọ́ kan, kí wọ́n fojú ara wọn rí ibẹ̀. Kí wọ́n mú ẹ̀wù òtútù dání.

Ohun kan ló kù tí n óò sọ, lẹ́yìn náà kó o lọ sùn, mo gbọ́ bí ohùn rẹ ṣe rẹ̀.

Ní Virginia, obìnrin kan wà, Elizabeth Key. Ọmọ Áfíríkà ni ìyá rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni bàbá rẹ̀. Wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di ẹrú títí láé. Ó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ó ní ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni bàbá òun, bẹ́ẹ̀ sì ni Kristẹni tí wọ́n rì bọmi ni òun. Ó jàre ní 1656. Wo ohun tí àwọn aṣòfin ṣe lẹ́yìn náà. Ní 1662 wọ́n ní ipò ìyá ni ọmọ yóò máa jogún, kì í ṣe ti bàbá, bẹ́ẹ̀ bàbá ló ń fún ọmọ wọn lórúkọ láti ayébáyé. Ní 1667 wọ́n ní ìrìbọmi kò lè sọ ẹrú di òmìnira. Ilẹ̀kùn méjì tí Elizabeth gbà jáde, wọ́n kàn án pa. Ẹ̀sìn ti kọ́kọ́ mú kí wọ́n máa béèrè pé ṣé Kristẹni ni ènìyàn yìí. Oko tábà ló mú kí wọ́n jáwọ́ nínú ìbéèrè náà. Òwò wọn fọwọ́ kan Sakramẹ́ńtì, ó tún un ṣe. Bí mo bá ń kọ́ni dé ibẹ̀, mo máa ń jókòó.

Rántí àwọn tí ọkọ̀ kó dé ní 1619. Ọkọ̀ kejì tún wà lẹ́yìn White Lion, Treasurer lorúkọ rẹ̀. Nínú ìwé tí wọ́n fi ka àwọn ará Virginia ní 1625, obìnrin kan wà níbẹ̀ tó bá ọkọ̀ yẹn wá, inú ilé Captain William Pierce ní Jamestown ni wọ́n kà á mọ́. Wọn ò kọ orúkọ bàbá rẹ̀, wọn ò kọ ìlú rẹ̀. Angelo ni wọ́n kọ, ìyẹn Angela, irú orúkọ tí àwọn Potogí máa ń sọ ẹni tí wọ́n bá rì bọmi ní Àǹgólà. Kò sí ẹnikẹ́ni ní Virginia tó kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ó ń gbàdúrà.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, òun ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Pe orúkọ rẹ̀ kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá gbọ́, kó o sì ní kí wọ́n pè é tẹ̀ lé ọ. Fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, n kò ní sùn títí tí yóò fi wọlé.